Òpó Ni Kí Ẹ Máa Wá: Ìtọ́sọ́nà fún Fífò Hẹlikọ́pítà Nísàlẹ̀ ní Ilẹ̀ Èkìtì

Gómìnà tó ń lọ ṣí iṣẹ́ kan ní ìlú tó jìnnà sí Adó, àwọn agbófinró tó ń wá ajínigbé nínú igbó, àwọn tó ń ya fíìmù òkè àti ìṣàn omi, aláìsàn tí wọ́n fẹ́ sáré gbé lọ sílé ìwòsàn, ọkọ ìyàwó tó fẹ́ kí gbogbo ìlú mọ̀ pé òun ti dé: bí wọ́n bá bá hẹlikọ́pítà wá, gbogbo wọn ló máa sọ̀kalẹ̀ wá síbi tí wáyà iná wà. Ibẹ̀ ni ewu wà, kì í ṣe lókè.

Mo kọ èyí fún awakọ̀ hẹlikọ́pítà, fún ẹni tó ń jókòó tì í, àti fún ará ìlú tí wọ́n ní kó tọ́jú pápá tí bàálù máa bà sí. Kò rọ́pò olùkọ́. Awakọ̀ tí kò bá tíì kọ́ fífò nísàlẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa, kó má dán an wò lórí ohun tó kà níbí.

Ohun tí mo fẹ́ kó dúró sí yín lọ́kàn kò ju ẹyọ kan lọ. Ojú èèyàn kì í sábà rí wáyà lásìkò. Òpó lojú ń rí. Ẹni tó bá ń wá wáyà, ìgbà tó bá fi máa rí i, ó ti dé ẹnu rẹ̀. Ẹni tó bá ń wá òpó ti mọ̀ pé wáyà wà níbẹ̀ kó tó débẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Hẹlikọ́pítà tó ń sáré ní 60 nọ́ọ̀tì (nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi ń wọn eré bàálù), tí kì í ṣe eré rárá lójú awakọ̀, ń jẹ ilẹ̀ mítà 31 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá jẹ́ 100 nọ́ọ̀tì, mítà 51 ni. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí nǹkan, kó mọ̀ pé wáyà ni, kó pinnu ohun tó máa ṣe, kó fa ọwọ́, lẹ́yìn náà ni bàálù fúnra rẹ̀ máa tó dáhùn. Bí gbogbo èyí bá gba ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún péré, ẹni tó ń sáré ní 60 nọ́ọ̀tì ti lo ilẹ̀ tó ju mítà 150 lọ. Wáyà àtijọ́ tí oòrùn àti òjò ti sọ di eléérú, tó ní igbó tàbí ọ̀run ọyẹ́ lẹ́yìn, kì í fara hàn láti mítà 150.

Ẹ má rò pé òjò tàbí kùrukùru ló ń fà á. Ọ̀sán gangan, lójú ọjọ́ tó mọ́ kedere, ni èyí tó pọ̀ jù nínú irú ìjàǹbá yìí ń ṣẹlẹ̀.

Kí ẹ tó kúrò nílẹ̀

Ìbéèrè àkọ́kọ́: ṣé ó di dandan kí ẹ sọ̀kalẹ̀? Òfin fífò àgbáyé fún awakọ̀ tó ń fi ojú ara rẹ̀ wo ọ̀nà ni pé kó má sọ̀kalẹ̀ ju mítà 150 lọ sílẹ̀, ìyẹn 500 ẹsẹ̀ bàtà. Lórí ìlú tàbí ibi tí èrò pọ̀ sí, kó fi mítà 300 ga ju ohun tó ga jù lọ láàárín mítà 600 sí i. Kìkì ìgbà tó bá ń gbéra, tó bá ń bà, tàbí tó bá ní àṣẹ pàtàkì ni kò sí lábẹ́ èyí. Iṣẹ́ tó bá ṣeé ṣe láti mítà 150, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀kalẹ̀ sí 50 nítorí àwòrán tó dára.

Ẹ wo oòrùn pẹ̀lú. Kí ẹ ṣètò iṣẹ́ kí oòrùn wà lẹ́yìn yín, kì í ṣe lójú yín. Láàárọ̀ kùtùkùtù àti ní ìrọ̀lẹ́, oòrùn máa ń fọ́ awakọ̀ lójú, gíláàsì iwájú tó ní eruku á sì sọ ọ́ di funfun báláú. Nígbà ọyẹ́, eruku kì í jẹ́ kí ọ̀run yàtọ̀ sí òkè. Nítorí náà, ẹ nu gíláàsì náà mọ́ tónítóní, nínú àti lóde, kó má sí àmì kòkòrò kan lára rẹ̀. Ojú á fi àmì yẹn ṣe òpó, tàbí kó fi òpó ṣe àmì.

Ẹ bi ẹni tó ń gbé ibẹ̀

Máàpù dára, ẹ mú un dání. Àmọ́ wáyà tí wọ́n fà lóṣù tó kọjá kò sí lórí máàpù kankan, bẹ́ẹ̀ ni wáyà tí ẹnì kan fi igi gbé ró láti ojú títì dé ilé ìlọta rẹ̀ kò ní sí níbẹ̀ láéláé.

Ẹ pe àwọn tó mọ ibẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ iná, tí gbogbo wa ṣì ń pè ní NEPA, mọ ibi tí ìlà wọn gbà. Ọlọ́kadà mọ gbogbo ọ̀nà oko. Ọdẹ mọ ibi tí wáyà ti gba inú igbó kọjá, nítorí ó máa ń rí ọ̀nà tí wọ́n là sábẹ́ rẹ̀. Ẹ má bi wọ́n pé “Ṣé wáyà wà níbẹ̀?” nítorí ẹni tó bá fẹ́ kí hẹlikọ́pítà wá lè sọ pé kò sí. Ohun tí ẹ máa bi wọ́n ni pé: “Ibo ni ìlú yín ti ń gba iná? Ibo ni wáyà náà gbà wọlé? Ibo ni tiransifọ́má wà? Máàsìtì ńkọ́?” Bí wọ́n bá ti ń dáhùn, ẹ máa fa ìlà sórí ìwé.

Ìdáhùn kan wà tó máa ń tan èèyàn jẹ: “A ò níná láti ọjọ́ yìí.” Ìlú tí kò níná fún ọdún pípẹ́ lè ṣì ní gbogbo wáyà rẹ̀ lórí òpó. Kì í ṣe iná tó wà nínú wáyà ló ń já hẹlikọ́pítà lulẹ̀. Wáyà fúnra rẹ̀ ni. Ó lè wé mọ́ abẹ́bẹ̀ orí, ó lè gé abẹ́bẹ̀ ìrù, ó lè wọ inú ibi tí awakọ̀ jókòó sí.

Ẹ kọ́kọ́ yí ibẹ̀ po láti òkè

Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ má sọ̀kalẹ̀. Ẹ dúró ní mítà 150 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ yí ibẹ̀ po pátá, kí ẹ rí i láti ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òpó tí oòrùn bò mọ́lẹ̀ láti ìlà oòrùn lè hàn gbangba láti ìwọ̀ oòrùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ yàn ọ̀nà tí ẹ máa gbà wọlé, ọ̀nà tí ẹ máa gbà jáde, àti ibi tí ẹ máa yà sí bí nǹkan bá yí padà. Ọ̀nà ìjáde ṣe pàtàkì bíi ti ìwọlé. Hẹlikọ́pítà tó gbé ẹrù tàbí èrò kì í gòkè kíákíá bí èyí tó ṣófo.

Bí a ṣe ń ka òpó

Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ.

Ọ̀pá ìdábùú tó wà lórí òpó ló máa sọ ibi tí wáyà dojú kọ. Wáyà máa ń gba ìdábùú rẹ̀ kọjá: bí ọ̀pá náà bá na apá láti àríwá sí gúúsù, ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn ni wáyà ń lọ. Bí ẹ bá rí ọ̀pá kejì lórí òpó kan náà, tó dojú kọ ibòmíì, ẹ̀ka kan ti yà níbẹ̀. Ẹ tẹ̀ lé ẹ̀ka yẹn títí ẹ ó fi rí ibi tó parí sí. Ẹ̀ka wọ̀nyí ló ń pa èèyàn, nítorí wáyà bíi méjì tàbí mẹ́ta péré ni, òpó wọn kò ga, igi sì máa ń bò wọ́n.

Ẹ wo àwọn tánńganran tó gbé wáyà ró. Bí wọ́n bá dúró ṣánṣán, tàbí tí wọ́n rọ̀ sísàlẹ̀ tààrà, ìlà ń lọ gbọọrọ. Bí wọ́n bá dùbúlẹ̀, tí wọ́n sì fa wáyà láti ẹ̀gbẹ́ kan tàbí méjèèjì, ó lè jẹ́ pé ìlà yà tàbí pé ó parí síbẹ̀. Òpó tí wọ́n fi wáyà ìdè de mọ́lẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan ń sọ ohun kan náà: ohun tó ń fa òpó wà ní òdìkejì ìdè yẹn. Bí ẹ bá rí ìdè tí ẹ kò sì rí ohun tó ń fà á, ẹ kò tíì rí gbogbo wáyà tó wà níbẹ̀.

Ẹ ka òpó náà tẹ̀ léra. Ọ̀kan, èkejì, ẹ̀kẹta. Bí àyè tó wà láàárín wọn bá dọ́gba, tí ọ̀kan wá dàwátì, òpó yẹn ṣì wà, igi ló bò ó. Bí ẹ bá rí òpó kan ṣoṣo nínú oko kòkó, kò lè dá dúró síbẹ̀ lásán.

Bí ẹ kò bá tilẹ̀ rí òpó, ẹ wo ohun tó ń lo iná. Ilé kan ṣoṣo nínú igbó, ilé ìlọta, ibi tí wọ́n ti ń fa omi, ilé epo, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá lẹ́yìn ìlú, ilé ẹ̀kọ́: iná dé ọ̀dọ̀ wọn láti ibì kan. Ọ̀nà tóóró tí wọ́n là gbọọrọ nínú igbó láìsí ọkọ̀ tàbí ẹsẹ̀ èèyàn nínú rẹ̀, abẹ́ wáyà ni. Ojú títì pẹ̀lú, wáyà fẹ́ràn kó máa bá a rìn, kó sì máa fò ó kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Ẹni tó bá fẹ́ tọ títì láti Ìjerò lọ sí Adó nísàlẹ̀, kó mọ̀ pé orí ìlà iná lòun ń bá rìn.

Bí ojú ṣe ń tanni jẹ

Lórí òpó onírin gíga, irú ìlà kílófóòtì 132 tó wá láti Àkúrẹ́ wọ Adó-Èkìtì, àwọn wáyà ńlá tó gbé iná ló rọrùn láti rí. Wáyà tó ga jù kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n máa ń fa wáyà tín-ín-rín kan sórí pátápátá kí àrá má baà ba ìyókù jẹ́, ó sì tínrín débi pé awakọ̀ tó bá fi wáyà ńlá wọn gíga rẹ̀, tó rò pé òun ti bọ́, lè gbé ara lé èyí tí kò rí.

Ìtànjẹ mìíràn wà. Bí ìlà méjì bá ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, èyí tó ga jù máa ń dà bíi pé ó jìnnà jù. Bí wáyà ẹyọ kan bá sì ń bá ọ̀pọ̀ wáyà rìn, ọ̀pọ̀ yẹn á gbà á mọ́ra, ojú kò ní yà á sọ́tọ̀. Wáyà kì í sì í dúró sójú kan: ooru ọ̀sán àti iná púpọ̀ tó ń gba inú rẹ̀ kọjá á jẹ́ kó wọ̀ sílẹ̀ láàárín òpó méjì. Gíga tí ẹ fojú wọ̀n láàárọ̀ kì í ṣe ti ọ̀sán.

Bọ́ọ̀lù aláwọ̀ pupa, funfun tàbí ọsàn tí wọ́n máa ń so mọ́ wáyà kí bàálù lè rí i, tí òfin àgbáyé ní kó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60 ó kéré tán, ẹ má retí rẹ̀ lórí ìlà abúlé.

Bí a ṣe ń kọjá

Orí òpó ni kí ẹ gbà kọjá, kì í ṣe àárín òpó méjì. Mo mọ̀ pé àárín ló dà bíi pé wáyà ti wọ̀ sílẹ̀ jù, ó sì máa ń wu awakọ̀ tó ń kánjú. Àmọ́ níbẹ̀, kò sí ohun tí ojú lè fi wọn gíga. Ní ibi òpó, gbogbo wáyà, títí kan ti àrá, so mọ́ ohun kan tí ẹ rí kedere. Ẹni tó bá ti ga ju ṣóńṣó òpó lọ ti ga ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Ẹ má gba ìdábùú ìlà náà kọjá gan-an. Ẹ fì í díẹ̀, bí ìdajì ìdábùú, kó lè jẹ́ pé bí ẹ bá rí ohun tí kò dára, yíyà díẹ̀ péré ló kù kí ẹ máa bá ìlà náà rìn dípò kí ẹ wọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá kọjá, ẹ má tètè sọ̀kalẹ̀: ìrù ṣì wà lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ má fi ìbẹ̀rù gbé imú bàálù sókè lójijì nítòsí wáyà, nítorí bí imú bá gòkè, ìrù á lọ sílẹ̀.

Kí ẹ sì wo òkè kí ẹ tó kọjá. Níbi tí ìlà ńlá bá ti fo ìlà kékeré kọjá, ẹ lè wà lókè òpó ti kékeré, kí ó sì jẹ́ pé àárín wáyà ti ńlá ló wà níwájú yín.

Fífò kọjá lábẹ́ wáyà, kò sí iṣẹ́ kankan ní Èkìtì tó béèrè fún un.

Àwọn àfonífojì wa

Láti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè dé Ìpólé-Ìlọ́rọ̀, dé Òkè-Ìmẹ̀sí, ilẹ̀ náà kì í tẹ́jú. Wáyà lè dì mọ́ òpó kan lẹ́bàá òkè, kó fo àfonífojì kọjá, kó sì dì mọ́ òpó mìíràn lókè kejì, kí òpó méjèèjì fara pamọ́ sáàárín igi. Ẹni tó ń gba àárín àfonífojì á máa rò pé ibẹ̀ ṣófo. Nítorí náà, ẹ má wọ àfonífojì láti ìsàlẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ ti kọ́kọ́ gba òkè rẹ̀ kọjá, tí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ òkè méjèèjì, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Bí ẹ bá wọ̀ ọ́, ẹ̀gbẹ́ kan ni kí ẹ gbá mọ́, kí àyè lè wà láti yí padà. Bákan náà ni lórí omi, irú ìsédò tó wà ní Ìkùn-Èkìtì: ojú omi máa ń dán, kò sì sí ohun tí ojú lè fi wọn gíga.

Ní Ìkẹ́rẹ́, àpáta ńlá bí Olósùnta ló máa gba gbogbo àfiyèsí àlejò. Ẹ má jẹ́ kí ó gbà á tán.

Máàsìtì ní tirẹ̀, ẹ fún un ní àyè ńlá. Èyí tí wọ́n fi wáyà dè, ìdè náà máa ń na láti òkè lọ jìnnà sí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ máa rí máàsìtì, ẹ kò ní rí ìdè.

Ẹnu méjì

Ẹni tó jókòó ti awakọ̀ gbọ́dọ̀ máa sọ̀rọ̀. Imú bàálù ni aago méjìlá, ọwọ́ ọ̀tún ni aago mẹ́ta, ọwọ́ òsì ni aago mẹ́sàn-án. “Kápútẹ́ẹ̀nì, wáyà, aago mẹ́wàá, ó ń bọ̀ wá sọ́tùn-ún.” Ìdáhùn méjì péré ló wà: “Mo rí òpó rẹ̀,” tàbí “N ò rí i.” Bí ó bá jẹ́ èkejì, ẹ dín eré kù, ẹ gòkè kúrò níbẹ̀, kí ẹ tó máa wá a. Ìdákẹ́ kì í ṣe ìdáhùn.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọdé kì í pariwo mọ́ àgbà, ẹni tó kéré á sì máa rò pé Kápútẹ́ẹ̀nì á ti rí i. Kí awakọ̀ fúnra rẹ̀ sọ ọ́ kí wọ́n tó gbéra: “Bí o bá rí wáyà, pariwo. Má kọ́kọ́ sọ pé ẹ jọ̀ọ́.” Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Gbogbo ọ̀rọ̀ mìíràn, ìtàn, ẹ̀rín, ìpè fóònù, kó dúró títí ẹ ó fi gòkè padà.

Wáyà tí ẹ ti mọ̀

Èyí ló máa ń ká mi lára jù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọlu wáyà ni wọ́n ti rí i tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ti yẹra fún un, tí iṣẹ́ sì gbé ọkàn wọn lọ. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ fẹ́ parí, tí ẹnì kan bá sọ pé “Ẹ jẹ́ ká yà á lẹ́ẹ̀kan sí i.” Ìgbàkígbà tí ẹ bá kúrò níbẹ̀, tí ẹ lọ ra epo, tí ẹ gba ìpè, tàbí tí àṣẹ yí padà, ẹ tún ibẹ̀ yí po láti òkè bíi pé ẹ kò débẹ̀ rí.

Irin agéwáyà tí wọ́n máa ń fi sórí hẹlikọ́pítà àti sábẹ́ imú rẹ̀ ti gba ẹ̀mí là, mo fẹ́ kó wà lára gbogbo èyí tó ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n wáyà gbọ́dọ̀ wá láti iwájú, eré sì gbọ́dọ̀ wà lára bàálù, kó tó lè gé e. Kò lè dáàbò bo abẹ́bẹ̀ ìrù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú pápá

Pápá ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n sábà máa ń yàn, ibẹ̀ náà sì ni wáyà ti máa ń gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Ẹ rìn yí pápá náà po ní ẹsẹ̀ yín, kí ẹ ya àwòrán gbogbo òpó, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí awakọ̀ kí ó tó gbéra. Ẹ má so aṣọ tàbí ọ̀rá mọ́ wáyà, iná lè gbé yín. Ẹ má tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀ fún àmì, ìjì abẹ́bẹ̀ máa gbé e sókè wọ inú ẹ̀rọ. Ẹfun ni kí ẹ fi fa ìlà gbọọrọ sílẹ̀ lábẹ́ wáyà, láti ẹsẹ̀ òpó kan dé èkejì. Kí ọkọ̀ kan dúró sí ẹsẹ̀ òpó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iná iwájú rẹ̀. Kánópì àti àga oníke, ẹ kó wọn jìnnà. Bí àwọn ọmọdé bá ń fi okùn fa bébà sí afẹ́fẹ́, ẹ ní kí wọ́n fà á sílẹ̀.

Bí Kábíyèsí tàbí olóyè kan bá ní iwájú ààfin ni kí bàálù bà sí, tí wáyà sì wà níbẹ̀, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ fún wọn pé kò ṣeé ṣe, kí ẹ fi mọ́tò gbé àlejò náà láti pápá dé ààfin.

Bí ó bá ti kọlu wáyà

Awakọ̀ tí wáyà kàn, tí bàálù ṣì ń fò, kó bà síbi àkọ́kọ́ tó ṣeé bà sí. Kó má rò pé òun lè fò ó dé Adó, nítorí kò lè rí ohun tó ti ya lára abẹ́bẹ̀ láti ibi tó jókòó sí.

Bí ó bá ti já lulẹ̀, ẹ̀yin tó wà nílẹ̀, ẹ dúró ní mítà 10 sí wáyà, ó kéré tán. Bí ó bá jẹ́ ìlà òpó onírin, ẹ sún sẹ́yìn gan-an jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wáyà tó dákẹ́ lórí koríko lè ní iná nínú, wọ́n sì lè tan iná padà láti ibi tí wọ́n ti ń pín in. Ẹ pe 112, ẹ pe òṣìṣẹ́ iná kó pa ìlà náà, kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ ọn títí òṣìṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ yóò fi sọ pé kò sí iná nínú rẹ̀ mọ́. Bí wáyà bá kan ara bàálù, tí kò sì jóná, kí àwọn tó wà nínú rẹ̀ jókòó síbẹ̀. Bí iná bá ṣẹ́ yọ, kí wọ́n fò jáde ní ẹsẹ̀ méjèèjì pa pọ̀, kí wọ́n má fọwọ́ kan bàálù àti ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n sì máa fẹsẹ̀ wọ́ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí wọn á fi jìnnà.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbé àwọn tó fara pa lọ, kí àwọn ọlọ́pàá ṣọ́ ibẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mú irin, wáyà tàbí páànù kankan kúrò, bó ti wù kó kéré mọ. Àjọ NSIB, tó ń wádìí ìjàǹbá bàálù ní Nàìjíríà, máa nílò gbogbo rẹ̀ níbi tó bọ́ sí.